Ta Ni Yóò Pa Iná Ọ̀sán ní Ọ̀tà?

Oòrùn ọ̀sán ti mú bo gbogbo àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró de ẹrù ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ sùn, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu geètì sì ti ṣí agbòòrùn sórí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ìta yìí wọ gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá àti ike yóò kọ́kọ́ dúró ná kí ojú rẹ̀ tó ríran. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé iná ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀sán.

Lókè, lábẹ́ páànù, gílóòbù ńláńlá tò ní ìlà mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì ń tàn. Fèrèsé wà lára ògiri lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti to àpò ọjà dí wọn. Ìwọ̀nba tó yọ sókè ti dúdú fún eruku. Páànù oníke tí ẹni tó kọ́ ilé náà fi sáàárín òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gòkè lọ fọ̀ ọ́.

"Swíìṣì kan ló ń tan gbogbo ẹ̀," oníná ilé-iṣẹ́ náà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì nawọ́ sí àpótí irin kan lára ògiri. "Bí mo bá pa á, òkùnkùn dé. Bí mo bá tàn án, gbogbo ẹ̀ á tàn, títí kan ìlà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá yẹn tí oòrùn ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe fa wáyà ẹ̀ nìyẹn kí n tó débí."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan. Ẹ rìn láti Tollgate dé Ìyànà Ìyẹ̀sí ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹ ó rí iná ara fẹ́ǹsì tí ẹnikẹ́ni kò rántí pa láti òru àná. Ẹ ó rí ọ́fíìsì tó lẹ bébà dúdú mọ́ gíláàsì fèrèsé nítorí ooru, tó wá tan iná mẹ́fà sí àjà nítorí òkùnkùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Nàìjíríà ní ìwé ìlànà tó sọ̀rọ̀ lórí gbogbo èyí. Ohun tó kù ni ká mọ ẹni tí ìwé náà ń bá wí ní Ọ̀tà.

Wáàtì mẹ́fà fún ilé, mẹ́jọ fún ọ́fíìsì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà fún iná mànàmáná, iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bí ilé tuntun yóò ṣe máa ṣọ́ iná lò. National Building Energy Efficiency Code ni orúkọ rẹ̀; BEEC ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ìjọba Jámánì àti àjọ EU ti ilẹ̀ Yúróòpù ló ṣe ìrànwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ohun mẹ́rin ló gbájú mọ́: bí fèrèsé yóò ṣe tóbi tó, bí òrùlé yóò ṣe dènà ooru, bí ẹ̀rọ amúlétutù yóò ṣe já fáfá tó, àti iná títàn. Ti iná títàn ló tètè ń yé èèyàn jù. Nínú ilé gbígbé, gbogbo gílóòbù pátá kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì 6 lọ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Nínú ọ́fíìsì, wáàtì 8 ni.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá kan wò ó. Yàrá tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, wáàtì 72 ló tọ́ sí i. Gílóòbù pupa ayé àtijọ́ oníwáàtì 100, ẹyọ kan ṣoṣo, ti kọjá ààlà. Gílóòbù LED oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù pupa oníwáàtì 60, ìdá kan nínú mẹ́jọ ààyè náà ló gbà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Irin tín-ín-rín inú gílóòbù pupa gbọ́dọ̀ gbóná janjan kó tó tàn. Nínú iná tó ń jẹ, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ló ń di ìmọ́lẹ̀. Ìyókù, ooru ni. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà nínú yàrá náà, òun náà yóò tún jẹ iná láti lé ooru yẹn jáde: wáàtì mẹ́ta ooru ń gba bíi wáàtì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni onílé ń sanwó nǹkan kan ṣoṣo.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì Ọ̀tà sọ pé ẹ̀yìn ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. "Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò ká tó mú gílóòbù. Ibo ni fèrèsé kọjú sí? Ṣé etí òrùlé gùn tó láti ṣíji bò ó? Ilé tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kò nílò iná láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ò ní mítà."

Gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀

Àlàfo kan wà tó kan Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú àwọn Àwórì yìí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti di ibùdó ilé-iṣẹ́ nítorí pé ó fara ti Èkó, ilẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Ìkẹjà lọ. Wọ́n ń yọ́ irin níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ọtí, ike, bébà àti oògùn; May & Baker àti Fidson ní ilé-iṣẹ́ oògùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé gbígbé àti ọ́fíìsì ni BEEC fún ní iye wáàtì. Kò sí nọ́ńbà fún gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́.

Òfin mìíràn ló ti ń bá ilé-iṣẹ́ wí tẹ́lẹ̀. Factories Act ti ọdún 1987 pàṣẹ pé ìmọ́lẹ̀ tó tó, tó sì yẹ, gbọ́dọ̀ wà níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ti oòrùn tàbí ti iná. Ó tún ní kí wọ́n máa nu gíláàsì fèrèsé àti ti òrùlé mọ́ nínú àti lóde, kí wọ́n má sì fi nǹkan dí i. Ìlera òṣìṣẹ́ ni ẹni tó kọ òfin yẹn ń rò, kò ro owó iná. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo yẹn, ọ̀pọ̀ iná ọ̀sán Ọ̀tà kò ní ìdí láti máa tàn.

Ohun tó wá ń ṣe iṣẹ́ òfin níbẹ̀ ni owó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 lọ sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn wọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná gbọ́dọ̀ fún ní iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Wọn kò ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 àwọn oníbàárà lọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà lára wọn. Àwọn mìíràn ní Ọ̀tà ń fi gáàsì tí Shell Nigeria Gas ń fi páìpù gbé wá tan ẹ̀rọ tiwọn, àwọn yòókù sì gbára lé díísù.

Ká ní gbọ̀ngàn kan ní gílóòbù 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ oníwáàtì 400, irú èyí tó máa ń pẹ́ kó tó tàn bí iná bá lọ tó dé. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 12 lóòjọ́, kílówáàtì-wákàtí 480 ni wọ́n jẹ. Ní iye náírà 225 ti ìgbà yẹn, náírà 108,000 nìyẹn lójúmọ́. Bí wọ́n bá fi LED oníwáàtì 150 rọ́pò wọn, náírà 40,500 ni. Náírà 67,500 ló kù sápò lójúmọ́, láìtíì pa ẹyọ gílóòbù kan nígbà tí oòrùn bá wà níta.

"Bíìlì oṣù kan ló dé tí ọ̀gá fi pe ìpàdé," ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ onírin kan ló sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Wọn ò sọ̀rọ̀ òfin, wọn ò sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Wọ́n ní kí n lọ ka gílóòbù."

Kíka gílóòbù láti pààrọ̀ wọn náà ní ewu tirẹ̀. LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú lásán kò lè rí. Bí ṣíṣẹ́jú yẹn bá bá yíyí ẹ̀rọ mu, táyà ẹ̀rọ tó ń sáré lè dà bí èyí tó dúró sójú kan, òṣìṣẹ́ a sì na ọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń dín iye wáàtì kù fi gbọ́dọ̀ wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ti rí lórí tábìlì iṣẹ́, kó má wo bíìlì nìkan.

Lábẹ́ bíríìjì Sango

Gbogbo ohun tí ìwé ìlànà sọ, ẹnu ìsọ̀ ló ti ń di òótọ́ tàbí irọ́. Nítòsí bíríìjì Sango ní Ọ̀tà, níbi tí ariwo dánfó kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì, oníṣòwò kan kan pátákó mọ́ ara ìsọ̀ rẹ̀, ó sì de ìdìmú gílóòbù mẹ́fà mọ́ ọn láti máa fi dán ọjà wò. Oníbàárà kò ní lọ láìrí i kó tàn.

"Ṣé LED lẹ fẹ́ àbí gílóòbù pupa?" ló kọ́kọ́ bi èèyàn. Gílóòbù pupa kò tíì tán lórí àtẹ. Àwọn tó ń sin òròmọdìẹ ń rà á nítorí ooru rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń rà á nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Lára páálí LED kan, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "100W". Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tó gba kí èèyàn sún páálí mọ́jú, wọ́n kọ "15W". Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé wáàtì 15 ló ń jẹ, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó ti gílóòbù pupa oníwáàtì 100. Oníbàárà tó ka ti òkè yóò rò pé ó ń jẹ iná púpọ̀. Ẹni tó ka ti ìsàlẹ̀ yóò rò pé kò ní tàn dáadáa. Nọ́ńbà tó lè yanjú rẹ̀, ìyẹn lúmẹ́nì tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò sí lára páálí náà rárá.

Oníná kan tó wá ra ọjà gbé gílóòbù méjì lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n. "Ẹ gbé e wò, ọ̀gá. Èyí wúwo, irin wà nínú ẹ̀ tó ń gba ooru kúrò lára iná. Èyí, ike lásán ni. Bí kọ́ráǹtì bá ti ga ní Sango níbí, kò ní pé oṣù mẹ́ta. Oníbàárà á wá máa pè mí ní olè."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ fi padà sí gílóòbù pupa lẹ́yìn tí wọ́n ti ra LED lẹ́ẹ̀kan. LED tó dára lè tàn fún wákàtí 15,000 sí 25,000, tí gílóòbù pupa kì í ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n ayédèrú kì í dé ìdajì ìdajì rẹ̀. Àjọ SON ló ni iṣẹ́ láti ṣọ́ ojúlówó ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí ayédèrú bá ṣì wà lórí àtẹ, kò sí ìlànà wáàtì tí ará ìlú yóò gbà gbọ́.

Onílé ló ń rà á, ayálégbé ló ń san án

Kúrò ní títì márosẹ̀, kí ẹ wọ Jójù tàbí Ìjókò, ilé tuntun ló ń yọ lójoojúmọ́. Onílé ló ń pinnu iye ojú iná tí yóò wà, ibi tí fèrèsé yóò wà àti irú gílóòbù tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Kì í ṣe òun ni yóò san owó iná. Nítorí náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ló ń rà.

Ayálégbé náà kì í fi gbogbo ìgbà ní ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ilé onípásééjì kan, bíìlì kan ló ń wá láti IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, fún gbogbo yàrá, láìsí mítà, ní àfojúbù. Wọ́n á pín in. "Bí mo bá ra gílóòbù tó ń dín owó kù, ta ló ń jẹ èrè ẹ̀?" ìyá kan tó ń gbé níbẹ̀ ló béèrè. "Ẹni tó ń lọ aṣọ lójoojúmọ́ ní yàrá kejì ni. Iye kan náà la jọ ń san."

Ẹni tó ní mítà ló ń rí ìyàtọ̀. Gílóòbù oníwáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 10.8 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Oníwáàtì 9 yóò jẹ 1.62. Bí a bá fi náírà 225 ṣírò rẹ̀, náírà 2,430 ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì kò pé náírà 365. Àwọn tó ní ínfátà náà kò nílò olùkọ́: bátìrì tó kú ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọ́ wọn.

Ohun tí Gánà ṣe

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ dé bá. Lọ́dún 2007, nígbà tí omi adágún Akosombo tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná fà, tí iná sì wọ́n ní Gánà, ìjọba wọn ra gílóòbù mílíọ̀nù 6 tó ń ṣọ́ iná lò. Wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń gba gílóòbù pupa lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó fún un ní tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fòfin de kíkó gílóòbù pupa wọlé. Nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 124 ni wọ́n ní ó dín kù nínú iná tí ìlú ń jẹ lásìkò tí gbogbo èèyàn bá tan iná lálẹ́.

Nàìjíríà náà pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, tí Energy Commission of Nigeria ṣe pẹ̀lú àjọ ECOWAS àti ìjọba Kúbà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a pín tuntun, ṣùgbọ́n a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ògbólógbòó. ECOWAS fúnra rẹ̀ fi 2020 ṣe òpin gílóòbù pupa ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. 2020 ti kọjá, gílóòbù pupa ṣì wà ní Sango.

Ọ̀rọ̀ tuntun tún ti dé. Nínú gílóòbù gígùn tí a ń pè ní fulorẹ́sẹ́ǹtì, mákúrì wà, májèlé tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata lórí mákúrì fẹnu kò ní Geneva pé lẹ́yìn òpin 2027, kò ní sí ṣíṣe fulorẹ́sẹ́ǹtì fún iná ilé mọ́, kò sì ní sí títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló léwájú nínú ìjà náà, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohun tí Yúróòpù ti lé jáde ni wọn yóò wá dà sí wa lọ́rùn. Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn yẹn láti 2018. Ọ́fíìsì tí wọ́n bá de fulorẹ́sẹ́ǹtì tuntun mọ́ àjà rẹ̀ ní Ọ̀tà lónìí, ibi tí yóò ti rí ìpààrọ̀ rà kò ní pẹ́ di ìṣòro.

Àṣẹ wà ní Abẹ́òkúta

Kí ló dé tí BEEC, ìwé ìlànà 2017 yẹn, kò fi lágbára? Lọ́dún 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́. Nítorí náà, ohun tí Àbújá bá kọ lórí ilé, àmọ̀ràn ló jẹ́ títí ìpínlẹ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ.

Ayàwòrán ilé kan tó ti ń gba ìwé ìyọ̀ǹda ní Ògùn tipẹ́ sọ pé wọ́n máa ń wo àlàfo tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, wọ́n ń wo ṣálángá, wọ́n ń wo bí òpó ṣe nípọn tó. "Wọn ò bi mí rí pé wáàtì mélòó ni mo fẹ́ lò. Bí wọ́n bá bi mí, máa dáhùn. Kò gbà ju ìṣirò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá lè ṣètò bí iná yóò ṣe dé ilé, kò yẹ kó ṣaláìlè sọ bí ilé náà yóò ṣe lò ó.

Ohun tí Ọ̀tà nílò kò pọ̀. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ilé: iye wáàtì fún ilẹ̀ mítà kọ̀ọ̀kan, àti swíìṣì lọ́tọ̀ fún ìlà iná tó bá sún mọ́ fèrèsé. Kí wọ́n ṣe nọ́ńbà tirẹ̀ fún gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́, tí BEEC fi sílẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣàbẹ̀wò ilé-iṣẹ́ lórúkọ Factories Act máa wo òrùlé. Kí SON gbógun ti páálí tí kò ní lúmẹ́nì lára, kí IBEDC sì fún ayálégbé ní mítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Sango, ẹ má dúró de ìjọba. Kí birikilà tó rẹ́ ògiri, ẹ pe oníná yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ pín swíìṣì. Gílóòbù ṣeé pààrọ̀ lọ́la. Wáyà tí wọ́n bá ti rẹ́ mọ́ ògiri, àwọn ọmọ yín ni yóò bá a níbẹ̀.